Yinni Yinni: Oscar àti Iṣẹ́ Tó Yẹ Kó Tẹ̀lé Ìyìn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Yinni yinni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn." Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, bóyá ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fara balẹ̀ wò ó. Bí wọ́n bá ti pa á, ọkàn wa á lọ sí ìdúpẹ́: pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí òwe yìí forí lé kọ́ nìyẹn. Kò ní ká yin ènìyàn kí inú rẹ̀ lè dùn, kò sì ní ká yìn ín torí pé ìyìn tọ́ sí i. Ó ní kí ó lè ṣe òmíràn. Iwájú ni òwe náà ń wò. Iṣẹ́ tí a kò tíì ṣe ló jẹ ẹ́ lógún.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a ti ní òṣùwọ̀n kan lọ́wọ́ tí a lè fi wọn ayẹyẹ ìyìn èyíkéyìí. Èyí tó lókìkí jù lọ nínú iṣẹ́ sinimá ni mo fẹ́ fi wọ̀n, ìyẹn Oscar, tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Los Angeles. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, aṣọ tí wọ́n wọ̀, ẹni tó sunkún àti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú ni gbogbo ayé ń sọ. Àwọn tó ń béèrè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé kí ni ẹni tí wọ́n yìn tún rí ṣe kò pọ̀.

Ọdún 1927 ni wọ́n dá Academy, ẹgbẹ́ tó ń fún ni ní àmì-ẹ̀yẹ yìí, sílẹ̀. Louis B. Mayer, ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ fíìmù MGM, ló mú àbá rẹ̀ wá, ìyìn kọ́ ló sì kọ́kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀. Ní 1926, àwọn káfíńtà, oníná àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ní Hollywood ti lo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn láti gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Bí òṣèré, òǹkọ̀wé àti olùdarí eré bá tún dá tiwọn sílẹ̀, owó ńlá ni yóò ná àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Mayer wá fẹ́ ẹgbẹ́ kan tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ yóò jọ wà nínú rẹ̀, kí ìjà lè máa parí sínú ilé. Ìgbà tí ẹgbẹ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ kún un. Gbólóhùn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé ó ti ẹnu Mayer jáde lẹ́yìn náà, pé ọ̀nà tó dára jù láti darí àwọn oníṣẹ́ fíìmù ni kí a máa fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ wọn lọ́rùn, torí wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ para wọn láti ṣe ohun tí òun ń fẹ́.

Ẹ ò rí i pé Mayer mọ òwe wa láìgbọ́ èdè wa. Ó mọ̀ pé ìyìn a máa múni ṣe òmíràn. Ibi tí ọ̀nà òun àti ti àwọn baba wa ti yà ni ti ẹni tí yóò jèrè òmíràn náà. Bí ìyá bá kí ọmọ tó gbálẹ̀ pé ó káre, ilé á mọ́, ọmọ náà á sì mọwọ́ iṣẹ́ sí i. Èrè náà kárí. Ìyìn ti Mayer, ọ̀gá nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, 1929 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ayẹyẹ náà, ní òtẹ́ẹ̀lì Roosevelt ní Hollywood. Àwọn tó wá tó nǹkan bí 270, dọ́là 5 ni tíkẹ́ẹ̀tì, pípín àmì-ẹ̀yẹ kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ, torí pé wọ́n ti kéde àwọn tó gbà á láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú. Fíìmù Wings ló gbapò kìíní. Ère ìgbà náà náà ni wọ́n ń gbé fún ni títí dòní: jagunjagun kan tó di idà mú, tó dúró lórí róòlù fíìmù. Apá márùn-ún tó wà lára róòlù náà dúró fún ẹ̀ka márùn-ún tí ẹgbẹ́ ní nígbà náà, ìyẹn òṣèré, olùdarí, olùgbéjáde, oníṣẹ́ ẹ̀rọ àti òǹkọ̀wé. Ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ jagunjagun kan ṣoṣo, bí Mayer ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́.

Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1936, Dudley Nichols, tó kọ ìtàn fíìmù The Informer, kọ̀ láti gba tirẹ̀, torí pé ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tí òun náà wà nínú rẹ̀ ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù fa ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n sì gbà pé ẹ̀yìn àwọn ọ̀gá ni Academy wà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ Oscar. Lójú tèmi, òwe náà yé Nichols ju ọ̀pọ̀ wa lọ: iṣẹ́ tó ń bọ̀ ló ń rò, àti ipò tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti máa ṣe é.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Luise Rainer, ọmọ Jámánì tí MGM mú wá láti Yúróòpù. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó ta yọ ní 1937, ó tún gbà á ní 1938. Òṣèré kankan kò tíì gbà á léra bẹ́ẹ̀ rí. Èèyàn á rò pé ọ̀nà ti là. Fíìmù tí kò tó ohun tó lè ṣe ni ilé-iṣẹ́ náà wá ń kó fún un, bí ẹni pé orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó láti ta ọjà. Ó béèrè iṣẹ́ tó nítumọ̀, òun àti Mayer kò gbọ́ ara wọn yé, ni ó bá kúrò níbẹ̀. Ẹni ọdún 104 ni nígbà tó kú ní London ní 2014, ó sì sọ ọ́ lásọtúnsọ pé kò sí ohun tó burú tó àmì-ẹ̀yẹ méjèèjì yẹn nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun.

Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ rí ìyìn tó dá ẹni tí a yìn dúró sójú kan, ọ̀dọ̀ Hattie McDaniel ni kí a lọ. Ọdún 1893 ni wọ́n bí i ní Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Oko ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti jáde wá. Bàbá náà wà lára àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ tó jà nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. McDaniel kọrin káàkiri, ó ṣeré lórí rédíò, nígbà tí iṣẹ́ eré kò bá sì sí, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń fi jẹun. Nígbà tó ṣe Mammy nínú Gone with the Wind, ìránṣẹ́bìnrin ló tún ṣe, ṣùgbọ́n ó gbé ènìyàn kan kalẹ̀ tó ní ọgbọ́n, tó ní ìbínú àti ìbànújẹ́, débi pé bí ó bá ti wọlé, òun ni ojú ń wò. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Atlanta ní oṣù Kejìlá 1939, kò lè wà níbẹ̀, torí òfin ìyàsọ́tọ̀ funfun àti dúdú ní Georgia.

Ọjọ́ 29 oṣù Kejì, 1940 ni wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Adúláwọ̀ kankan kò tíì gba Oscar rí. Òtẹ́ẹ̀lì Ambassador ní Los Angeles ni ayẹyẹ náà ti wáyé, òtẹ́ẹ̀lì tí kì í gba aláwọ̀ dúdú wọlé, David O. Selznick tó gbé fíìmù náà jáde ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Tábìlì kékeré kan lẹ́bàá ògiri ni wọ́n fi í sí, ó jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣe fíìmù náà. Ibẹ̀ ló ti dìde lọ gba ìyìn rẹ̀, ibẹ̀ ló sì padà sí.

Òmíràn wo ló wá rí ṣe? Ìránṣẹ́bìnrin. Lẹ́yìn ìyẹn, ìránṣẹ́bìnrin. Ní 1947, ó di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ni eré tirẹ̀ lórí rédíò Amẹ́ríkà, Beulah, ìránṣẹ́bìnrin náà ni Beulah sì jẹ́. Àwọn aṣáájú kan láàárín àwọn adúláwọ̀ bínú sí i pé ó ń ba orúkọ àwọn jẹ́. Èmi kò lè bá wọn dá a lẹ́bi. Ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Àwọn tó yìn ín tí wọn kò ṣílẹ̀kùn kankan fún un ni ẹjọ́ náà wà lọ́rùn wọn. Ó kú ní 1952. Ibi ìsìnkú ní Hollywood tó sọ pé kí wọ́n sin òun sí kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó ti fi àmì-ẹ̀yẹ náà sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard, ibẹ̀ ló sì ti sọnù. Ọdún 2023 ni Academy tó fún yunifásítì náà ní òmíràn dípò rẹ̀.

Obìnrin adúláwọ̀ kejì tó gba Oscar nídìí eré ni Whoopi Goldberg, ní 1991. Ọdún 51 ló wà láàárín wọn. Ní 2002, Halle Berry gba ti olórí òṣèrébìnrin fún Monster's Ball; títí di ayẹyẹ 2025, òun nìkan ni obìnrin adúláwọ̀ tó gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ orí ire. Àwọn tó ń dìbò ló ń pinnu rẹ̀. Òṣèré ló ń yan òṣèré tí orúkọ wọn yóò wọlé, olùdarí ló ń yan olùdarí, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á wá dìbò ìkẹyìn. Bí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn bá jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó ti dàgbà, ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọn yóò yìn. David Oyelowo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Oxford, ṣe Martin Luther King nínú Selma. Ní 2015, wọ́n fi fíìmù náà sára àwọn tó ń du ipò kìíní, wọn kò fi òun sí i. Ogún òṣèré ni wọ́n dárúkọ lọ́dún náà, gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ọdún tó tẹ̀lé e náà rí bẹ́ẹ̀. Ariwo tó sọ nígbà náà ló mú kí Academy ṣèlérí ní 2016 láti sọ iye àwọn obìnrin àtàwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun di ìlọ́po méjì nínú ẹgbẹ́. Ó tún wá ṣòfin kan ní 2025 pé ẹni tí kò bá wo gbogbo fíìmù tó ń du àmì-ẹ̀yẹ kan kò lè dìbò ìkẹyìn lórí rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí la fẹ́ yìn nínú iṣẹ́ tí a kò rí?

Ìyìn tó ṣe bí òwe náà ṣe wí wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ rántí nípa ayẹyẹ 2017 ni àpò ìwé tí wọ́n ṣì mú, tí wọ́n fi pe La La Land dípò Moonlight tó gbapò kìíní. Ìgbésí ayé Barry Jenkins tó darí Moonlight ló yẹ ká rántí. Ọdún 2008 ló ti ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì rí èkejì ṣe títí di 2016. Lẹ́yìn Oscar, kò ju ọdún méjì lọ tí If Beale Street Could Talk fi jáde, tí Regina King fi gba Oscar nínú rẹ̀ ní 2019, tí The Underground Railroad sì tẹ̀lé e ní 2021. Mahershala Ali, tó gba tirẹ̀ nínú Moonlight, gba òmíràn lálẹ́ ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Regina King. Ìyìn kan bí ìyìn mìíràn, èyí tó sì wù mí jù ni pé kò tán sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ wá kan ilé. Fíìmù kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ lọ́dún fún àmì-ẹ̀yẹ fíìmù àgbáyé, èdè tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2019, Nàìjíríà fi Lionheart ti Genevieve Nnaji ránṣẹ́, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Wọ́n dá a padà nítorí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀. Ní 2022, fíìmù mẹ́ta tí Yorùbá gbilẹ̀ nínú wọn ló wà níwájú ìgbìmọ̀ Nàìjíríà tó ń yan fíìmù: Elesin Oba tí Biyi Bandele ṣe láti inú eré Wole Soyinka, Agesinkole ti Femi Adebayo, àti Anikulapo ti Kunle Afolayan. Ìgbìmọ̀ náà dìbò pé kò sí èyí tó tó fi ránṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn fipò sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Bandele ti kú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, kí ayé tó rí fíìmù rẹ̀.

Èmi kò sọ pé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìbá gba Oscar. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ará ilé ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ yin iṣẹ́ tí a fi èdè ilé ṣe, torí àwọn ni yóò wo òmíràn. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ní ayẹyẹ AMVCA ní Èkó, Anikulapo gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó ta gbogbo fíìmù yọ. Ní oṣù Kẹta 2024, Kunle Afolayan gbé eré alápá-púpọ̀ tó tẹ̀lé e jáde lórí Netflix, Kunle Remi sì tún ṣe Ṣàró, olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀.