Ìwé Ìtàn Inú Ẹrẹ̀ Òkun

Ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn àwọn tó tẹ ìlú dó ni a sábà máa ń kà láàárín ara wa. Ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Ìtàn ike ni, ike tí a ń lò nílé lójoojúmọ́. Ẹni tó pa ìtàn náà mọ́ kì í ṣe akọ̀wé, kì í sì í ṣe arọ́kin. Ẹrẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti sẹ́ ògì rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Bí a bá sẹ́ ògì tán tí a gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò, omi á sì tòrò lókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkun ń ṣe. Eruku, iyanrìn tí odò gbé wá, òkú àwọn ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọọdún, tọdún yìí lórí tèṣí. Níbi tó pọ̀, aràn àti alákàn á ti wú u, á sì dàrú. Ṣùgbọ́n kòtò ńlá kan wà lábẹ́ òkun létíkun California ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Santa Barbara Basin. Afẹ́fẹ́ tí ohun abẹ̀mí lè mí kò fi bẹ́ẹ̀ sí nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kò sí aràn tí yóò wú ibẹ̀. Ẹrẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan dúró lórí ara wọn bí ojú ewé ìwé.

Ní 2019, Jennifer Brandon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scripps Institution of Oceanography gbé ìwádìí jáde lórí ẹrẹ̀ tí wọ́n bù níbẹ̀ láìdà á rú. Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá jẹ́ ti 1834, nǹkan bí àkókò tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú lọ. Ìpele òkè pátápátá jẹ́ ti 2009. Wọ́n ṣa èérún ike inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yọ iye tó lè jẹ́ pé nígbà iṣẹ́ ló kó wọ inú rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Ohun tí wọ́n rí ni pé láti 1945 ni ike ti ń wọ inú ẹrẹ̀ náà, tó sì ń di ìlọ́po méjì ní ọdún 15, 15. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ báyìí: bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ní 1945, ó di méjì ní 1960, mẹ́rin ní 1975, mẹ́jọ ní 1990, mẹ́rìndínlógún ní 2005. 

Kì í ṣe pé 1945 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ike. Ní 1907 ni Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Belgium tó ń gbé ní New York, ti ṣe Bakelite. Ní 1933, ní Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson ṣe kòńgẹ́ pólítíìnì láìròtẹ́lẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe àpò ọ̀rá tí àwa ń pè ní náílọ́ọ̀nù. Náílọ́ọ̀nù gan-an ohun ọ̀tọ̀ ni, 1935 ni Wallace Carothers ṣe é ní Amẹ́ríkà. Orúkọ àbúrò la fi ń pe ẹ̀gbọ́n. Ní 1941, Whinfield àti Dickson rí pólíẹ́sítà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Nígbà ogun Hitler, iṣẹ́ ológun ló gba ọ̀pọ̀ nǹkan wọ̀nyí. Pólítíìnì ni wọ́n fi ń bo wáyà rédà. Nígbà tí ogun parí, àwọn ilé iṣẹ́ yíjú sí ilé ìdáná àti àpótí aṣọ wa. Ní 1950, gbogbo ike tí ayé ṣe jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù. Ní 2015, ó ti tó mílíọ̀nù 380.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí yín. Ní 2004, Richard Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Plymouth rí èérún ike nínú iyanrìn etíkun àti nínú ẹrẹ̀ ẹnu odò agbègbè wọn. Wọ́n tún ní ìwé ìtàn mìíràn lọ́wọ́. Láti 1931 ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń wọ́ ẹ̀rọ kan tẹ̀lé ara wọn, tí ń fi aṣọ sílíìkì sẹ́ ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní inú òkun. Wọ́n tọ́jú àwọn aṣọ náà. Nígbà tí wọ́n tú ti àwọn ọdún 1960 síwájú yẹ̀ wò, ike wà níbẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i.

Ibi tó kan àwa gan-an rèé. Púpọ̀ nínú èérún yìí kì í ṣe àfọ́kù ike, òwú aṣọ ni, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ní 2011, Mark Browne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé aṣọ pólíẹ́sítà kan ṣoṣo lè tú òwú tó ju 1,900 sínú omi nígbà tí a bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Omi ẹ̀rọ ìfọṣọ gba inú ilé ẹ̀gbin kọjá, díẹ̀ nínú òwú náà sì dé òkun. Ẹ wá wo àpótí aṣọ wa. Sányán àti ẹtù àwọn baba wa, òwú àti sílíìkì ni, ẹrẹ̀ á jẹ wọ́n run. Ọ̀pọ̀ léèsì aṣọ ẹbí tí a ń rà lónìí, pólíẹ́sítà ni. Òwú tó ń dán yinrin nínú aṣọ òkè òde òní, ike ni òun náà. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ayẹyẹ o. Ṣùgbọ́n bí onímọ̀ ọjọ́ iwájú bá ka ẹrẹ̀ tí ń bẹ lẹ́nu odò Thames, ó ṣeé ṣe kó bá aṣọ ẹbí wa pàdé.

Nílé ńkọ́? Àwọn tó dàgbà ní Èkó ṣáájú àwọn ọdún 1990 yóò rántí mọ́ín-mọ́ín inú ewé eéran, ẹ̀kọ inú ewé, àti omi inú àmù. Ewé tó bọ́ sínú ọ̀sà á jẹrà. Ní àwọn ọdún 1990 ni píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá gbòde kan, ọ̀rá náà kò sì jẹrà. Oòrùn àti ìgbì ló ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ní 2019, ìwádìí kan jáde tó rí èérún ike nínú iyanrìn etíkun Èkó, lára wọn ni Ẹlẹ́kọ̀ọ́ àti Oníru. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù ní January 2024, òfin lórí àwọn ike àlòsọnù míràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní July 2025.

Ohun tó ká wa lára nínú ọ̀rọ̀ Èkó ni pé ìwé ìtàn tirẹ̀ ń ya kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń wa yanrìn nínú ọ̀sà, wọ́n ń tà á fún àwọn akọ́lé, wọ́n sì fi ń dí omi láti sọ ọ́ di ilẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti wa yanrìn, ẹrẹ̀ ọdún 1960 àti ti èṣí á dà pọ̀, ojú ewé á sì sọ nù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí ọ̀rá àkọ́kọ́ balẹ̀ sísàlẹ̀ ọ̀sà Èkó ní láti wá kọ̀rọ̀ tó dákẹ́, tí ẹ̀rọ awayanrìn kò tí ì dé.