Gbèsè Orí Oko Kòkó ní Ilẹ̀ Oǹdó

Kí báńkì tó dé ilẹ̀ Oǹdó, ìwọ̀fà ni ọ̀nà pàtàkì tí àwọn ènìyàn fi ń rí owó ńlá yá. Ẹni tó fẹ́ sìnkú, tàbí tó fẹ́ san owó ìtanràn, á gba owó lọ́wọ́ olówó, òun tàbí ọmọ rẹ̀ á sì máa sìn ín. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Owó náà gan-an kì í fi ẹyọ kan dín, ì báà sìn ín fún ogún ọdún. Àfi ọjọ́ tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìwọ̀fà bá kú, ẹbí ní láti wá ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Àtiwọ̀ ọ́ kò le rárá. Àtijáde ló le.

Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti 1916 ka fífi ènìyàn dógò gbèsè sí ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ àṣà náà kò tíì tán nílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1930. Ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni kòkó. Bí kòkó ṣe ń gbilẹ̀ ní Oǹdó, Ìdànrè àti Àkúrẹ́, igi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ènìyàn. Àgbẹ̀ tó nílò owó iléèwé lóṣù Okúdù, tí kòkó rẹ̀ kò sì ní í pọ́n dáadáa títí di Ọ̀wàrà, á fi oko dógò, olówó á sì máa kórè. Ẹni tó ni oko á máa wò bí wọ́n ṣe ń la kòkó, tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ bíi mẹ́fà, tí wọ́n ń sá a sóòrùn, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tó ń dín gbèsè kù. Bí wọ́n bá ka èrè ọdún mẹ́wàá pọ̀, ó lè ti ju owó tí wọ́n yá lọ fíìfíì. Ìrẹ́jẹ ni èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tọ̀tún-tòsì ló fọwọ́ sí i.

Ọjà náà tún dá kún un. Ní 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó tó ń ra kòkó, tí UAC ṣe aṣáájú wọn, fìmọ̀ ṣọ̀kan láti má ṣe bá ara wọn díje lórí iye tí wọ́n ń san. Ìgbìmọ̀ Nowell, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn, gbé ìròyìn nípa rẹ̀ jáde ní 1938. Owó kòkó lè já wálẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè kì í já. Báńkì kò sì ran ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ́wọ́: ìwé ilẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, ilẹ̀ ẹbí kò sì ní ìwé.

Ìjà ńlá máa ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó ṣe àdéhùn bá ti kú. Ọmọ olówó á ní bàbá òun ra oko náà ni. Ọmọ onígbèsè á ní wọ́n fi dógò ni. Ìlànà àbáláyé tí ilé-ẹjọ́ tẹ̀lé ṣe kedere: ohun tí a fi dógò kì í di ti olówó, bó ti wù kí ó pẹ́ tó, owó tí wọ́n yá nìkan ni wọn yóò sì san. Bí olówó bá gbin igi tuntun síbẹ̀, ìyẹn kò dí ìràpadà lọ́wọ́. Ẹlẹ́rìí ló wá ku: ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ka owó, ta ló sì mọ iye rẹ̀? Ìdílé tí kò ní ẹlẹ́rìí láyé mọ́, tí kò sì ní ìwé kankan tí wọ́n tẹ̀ka sí, kò ní ohun tí yóò fi gba oko rẹ̀ padà.