Ibi tí a ń kó ìtàn Kétu pamọ́ sí: láti orí Bàbá Ẹlẹ́gùn dé ilé kọ̀ǹpútà

Kí àwọn Òyìnbó tó dé, orí Bàbá Ẹlẹ́gùn ni ìtàn àwọn ọba Kétu wà. Oyè ìdílé ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mọ ìtàn ìlú sórí, kí ó sì kà á jáde nígbà tí ọba tuntun bá gorí ìtẹ́. Nígbà tí ogun Dàhòmì kó Kétu ní 1886, tí wọ́n dáná sun ún, ìtàn kò bá ilé jóná. Parrinder tẹ ìwé rẹ̀ lórí Kétu jáde ní 1956, Dunglas tẹ̀lé e ní 1957. Orúkọ àwọn ọba ṣì wà láti gbà sílẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ló wà níwájú ilé-iṣẹ́ kékeré lónìí, àti níwájú àwa tí a ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: ọwọ́ ta ni kí á fi dátà sí? Àwọsánmà ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ń tanni jẹ. Ilé ni, orí ilẹ̀ ló wà, ní ìlú ẹlòmíràn.

Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààyè kọ̀ǹpútà rẹ̀ háyà ní 2006. OVH ti wà ní Roubaix láti 1999, òun ni àwa tí a kàwé ní èdè Faransé sábà máa ń sáré lọ bá, nítorí pé a gbọ́ èdè ìwé àdéhùn rẹ̀. Ìdí kan dára ju ìyẹn lọ: owó Sẹ́fà so mọ́ euro, 655,957 fún ẹyọ kan, nítorí náà gbèsè euro kì í lọ sókè sódò bíi ti dọ́là. Amazon ṣí ilé kan ní Cape Town ní 2020. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣí tirẹ̀ ní Abomey-Calavi ní 2022.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2021, iná jó ilé OVH kan ní Strasbourg kanlẹ̀. Àwọn kan tí ẹ̀dà kejì iṣẹ́ wọn wà nínú ọgbà kan náà pàdánù gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, SAT-3 àti ACE tí Bẹ̀nẹ̀ gbára lé sì wà nínú wọn. Dátà kò sọnù níbẹ̀. Ọ̀nà ló dí. Oògùn kan kò lè wo àìsàn méjèèjì: ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ jìnnà, òmíràn gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Òfin tún wà. Code du numérique ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018 ka ohùn tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀ mọ́ dátà ara ẹni, kò sì gbà kí á kàn kó o lọ sí òkè òkun bó ṣe wù wá.

Ní tèmi, iye owó oṣooṣù kọ́ ni kí á kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń kó dátà wọlé. Ẹni tó ń kó o jáde ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ta ni yóò jogún kọ́kọ́rọ́? Oyè Bàbá Ẹlẹ́gùn ní ìdílé tó ń jẹ ẹ́. Àkáǹtì ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wà lórí ímeèlì ẹnì kan ṣoṣo. Kí ilé-iṣẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí i, kí ènìyàn méjì, ó kéré tán, sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.