Tinbergen, Lies àti Ẹyẹ Inú Yìnyín

Ní ọdún 1932, Niko Tinbergen, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, àti Lies, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlà-oòrùn Greenland. Ọmọ ọdún 25 ni Niko nígbà náà; ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ilẹ̀ wọn ló ń lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀, tọkọtaya yìí sì bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ní tiwọn, ẹyẹ ni wọ́n ń wá.

Ohun tó ya iṣẹ́ wọn sọ́tọ̀ ni pé wọ́n dúró gba òtútù. Yìnyín orí òkun kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dé etíkun yẹn títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn yóò fi wọlé dáadáa. Àlejò tó bá bá ọkọ̀ wá yóò bá ẹyẹ nínú ìtẹ́, yóò sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Niko àti Lies gbé láàárín àwọn Inuit, wọ́n kọ́ èdè wọn (akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni wá, a ò lè fo ìyẹn), wọ́n sì wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1933 nígbà tí ilẹ̀ tundra, ilẹ̀ tí igi kì í ga, ṣì funfun báláú.

Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ funfun àti dúdú tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní snow bunting ló kọ́kọ́ dé, akọ nìkan. Yìnyín kò tíì yọ́. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ń jẹ pọ̀. Nígbà tó yá, kálukú gba ilẹ̀ tirẹ̀, ó ń kọrin lórí àpáta, ó sì ń lé ẹni tó bá kọjá ààlà. Ilẹ̀ wo? Ìwọ̀nba àpáta tó yọrí nínú yìnyín! Abo kan kò sì tíì sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni àwọn abo tó dé, ìyẹn ló jẹ́ kí ìjà náà yéni: inú pàlàpálá àpáta ni ẹyẹ yìí ń kọ́ ìtẹ́ sí, ibi tó dára kò sì pọ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́, tí omi dúró sí inú kòtò gbogbo, ẹyẹ mìíràn dé, red-necked phalarope. Nínú tiwọn, abo ló ní àwọ̀ tó rẹwà jù, òun náà ló ń jà lé akọ lórí. Bó bá ti yé ẹyin tán, akọ ni yóò sàba, akọ ni yóò sì tọ́ ọmọ. Niko kọ èyí jáde ní 1935. Ti snow bunting jáde ní 1939.

Ní 1973, òun, Konrad Lorenz àti Karl von Frisch jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Orúkọ ọkọ nìkan la sábà máa ń rí nínú ìtàn yìí. Lies náà wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 14.