Reyner Banham, lámèyítọ́ àti olùkọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́

Peter Reyner Banham (1922–1988), ọmọ ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ lámèyítọ́, òpìtàn àti olùkọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní Bristol ló ti ṣiṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ ni ojú rẹ̀ sì ti kọ́kọ́ là.

Lẹ́yìn ogun, ó wọ Courtauld Institute, ilé ẹ̀kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù, òpìtàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ Nikolaus Pevsner ló sì bójú tó iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Iṣẹ́ náà ló di ìwé Theory and Design in the First Machine Age ní 1960. Akẹ́kọ̀ọ́ ta ko ọ̀gá nínú rẹ̀: àwọn Futurist ilẹ̀ Ítálì, ìyẹn àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń gbé ẹ̀rọ lárugẹ, tí Pevsner kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí, ni Banham gbé sí ọkàn gbùngbùn ìtàn ilé ìgbàlódé. Ó ti ń kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn Architectural Review ṣáájú ìgbà náà. Èyí tó kọ ní 1955 lórí New Brutalism, ìyẹn ilé kíkọ́ tí kì í fi ohun èlò rẹ̀ pamọ́, ló jẹ́ kí orúkọ náà tàn kálẹ̀. Láti 1964 ló ti ń kọ́ni ní Bartlett, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti University College London.

Ìwé rẹ̀ tó lágbára jù ni The Architecture of the Well-Tempered Environment (1969), ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́lé nílẹ̀ olóoru kà á. Ohun tó ń bi àwọn ayàwòrán-ilé níbẹ̀ ni pé: báwo ni ara ṣe rí fún ẹni tó wà nínú ilé? Ó mú ilé ìwòsàn Royal Victoria ní Belfast, tí wọ́n ṣí ní 1903, ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà náà, fáànù ńláńlá ń fa atẹ́gùn wọlé, atẹ́gùn náà á gba àárín okùn èèpo àgbọn tí wọ́n fi omi rin gbingbin, tó ń gba eruku inú atẹ́gùn náà, kó tó gba ọ̀nà abẹ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Lójú òde, ilé bíríkì àtijọ́ lásán ni. Inú rẹ̀ ni ọ̀làjú wà.

Los Angeles ni ìlú tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fojú tẹ́ńbẹ́lú nígbà náà. Banham, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri Lọ́ńdọ̀nù, kọ́ mọ́tò wíwà kó lè mọ ìlú náà bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ní 1971 ka òpópónà márosẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà ìlú náà, pẹ̀lú etíkun, ẹsẹ̀ òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ní 1976 ó kó lọ kọ́ni ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà. Àwọn àká ọkà oníkọnkéré tó rí níbẹ̀ ló bí A Concrete Atlantis (1986), tó fi hàn bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe wú àwọn ayàwòrán-ilé Yúróòpù lórí. Ó lọ kọ́ni ní Santa Cruz, ní California, ní 1980. New York University ti yàn án sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n kí ikú tó dé ní 1988. Wọ́n ṣa àwọn àròkọ rẹ̀ jọ sínú A Critic Writes ní 1996.