Gbígba Àwòrán Tẹlifíṣọ̀n ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti 1959 títí di Òní

Nínú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣòro láti rí ibi tí tẹlifíṣọ̀n ti jẹ́ ohun ìyangàn àti ohun ìnira lẹ́ẹ̀kan náà bí ilẹ̀ Rẹ́mọ, ọmọ Akárìgbò ọba wọn, níbi tí Ṣàgámù ti jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú láti 1872, nígbà tí àwọn ìlú Rẹ́mọ kóra jọ síbẹ̀ nítorí ogun, tí Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru, Ìlíṣàn, Ògèrè, Òde Rẹ́mọ àti Ìsarà sì wà káàkiri àárín oko obì, oko kòkó àti igbó kìjikìji. Ọmọ Rẹ́mọ ni olórí ìjọba tí ó kọ́kọ́ gbé tẹlifíṣọ̀n wọ Nàìjíríà. Ọmọ Rẹ́mọ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé eré sórí rẹ̀. Síbẹ̀, ní Rẹ́mọ fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ wo àwòrán tí ó mọ́ gaara ní láti kọ́kọ́ bá òkè, àfonífojì àti ewé igi wọ̀yá ìjà. Àwọn àgbà ní ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Bí Rẹ́mọ ṣe ń wá fìlà sí orí tí ó ti ní láti ìgbà yẹn ni ìtàn yìí dá lé.

Kí àwòrán tó dé, ohùn ni ó kọ́kọ́ dé, orí wáyà ni ó sì gbà wá. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rédíò láti ilé dé ilé ní Èkó, tí Ìbàdàn sì tẹ̀ lé e ní 1939. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, tí onílé ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Wáyà kò bẹ̀rù òkè, kò sì bẹ̀rù igbó, ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni ó fi ṣe ibùjókòó, ará oko kò sì bá wọn pín nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni ó wá sọ ọ̀ràn náà di ńlá. Ní 1953, lẹ́yìn tí Anthony Enahoro ti ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group dá àbá nílé aṣòfin pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ìbínú jáde, Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì dá ẹgbẹ́ náà lẹ́bi. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, olórí ẹgbẹ́ náà, béèrè àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò gbà fún un. Òfin ìjọba ti 1954 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kò sì jẹ́ kí àṣẹ náà sùn.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959, nígbà tí Awólọ́wọ̀ ṣì jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ẹkùn náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ilé iṣẹ́ Overseas Rediffusion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkọ́kọ́ ní Áfríkà ni wọ́n fi ṣe oríkì rẹ̀. Mòrókò ti ní tirẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà kò tíì sí irú rẹ̀. Òpó méjì ni ó fi ń fọ́n àwòrán ká: ọ̀kan wà lórí òkè Màpó ní Ìbàdàn, èkejì wà ní Abàfọ̀n ní ìhà Ìkòròdú, kí ará Èkó náà lè rí i. Agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ wátì 500, èyí tí kò tó iná tí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan ń jẹ lóde òní. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ yóò rí i pé àárín àwọn òpó méjèèjì gan-an ni Rẹ́mọ bọ́ sí: Màpó wà ní àríwá, ó sì jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́ tó nǹkan bí kìlómítà 60 bí ẹyẹ bá fò tààrà, Abàfọ̀n wà ní ìhà gúúsù, ó sì súnmọ́ tòsí ju ìyẹn lọ.

Ọ̀nà tààrà ni ìgbì tí ń gbé àwòrán tẹlifíṣọ̀n ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ayé sì rí roboto lábẹ́ rẹ̀. Òpó tí ó ga ní mítà 100 kò lè ríran kọjá nǹkan bí kìlómítà 36 lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ; bí onílé bá ri ọ̀pá mítà 9 mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, ó ti fi nǹkan bí kìlómítà 11 kún un. Kìkì ìṣẹ́kù tí afẹ́fẹ́ àti etí òkè bá tẹ̀ wálẹ̀ ni ó ń dé ibi tí ó kọjá ìyẹn. Ilẹ̀ Rẹ́mọ kò sì tẹ́ pẹrẹsẹ: láti ìhà Ìkòròdú ni ó ti ń ga díẹ̀díẹ̀ lọ sí àríwá, títí a ó fi dé Òde Rẹ́mọ àti Ìsarà, odò Ìbù àti àwọn odò kéékèèké mìíràn sì ti gbẹ́ àfonífojì sí i lára. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí òkè lè máa rí Ìbàdàn kedere, kí aládùúgbò rẹ̀ tí ó kọ́lé sẹ́bàá odò máa wo kìkì èéhó funfun lójú dígí. Òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé a máa dá ìgbì padà, tí ojú ènìyàn kan yóò fi di méjì nínú àwòrán. Igi obì tí ewé rẹ̀ ṣùjọ a máa gba agbára ìgbì sára, pàápàá lẹ́yìn òjò, nítorí pé ewé tútù ń gbé e mì ju ewé gbígbẹ lọ. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ní ti tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí ó gun igi ni ó ń ríran.

Ohun ìjà tí ará Rẹ́mọ fi ko gbogbo èyí lójú, ilẹ̀ Jàpáànù ni ó ti wá. Ní 1926, Shintaro Uda àti Hidetsugu Yagi, àwọn ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Tohoku, gbé àńtẹ́nà kan jáde tí a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tò sára ọ̀pá: ọ̀kan nínú irin náà ni a so wáyà mọ́, èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dá ìgbì padà sí i, àwọn tí ó wà níwájú sì ń darí ìgbì wọlé. Bí irin iwájú bá ti ń pọ̀ sí i ni àńtẹ́nà náà ń gbọ́ ọ̀nà jíjìn sí i, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń kọ ẹ̀yìn sí ohun gbogbo tí kò bá sí níwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí yíyí àńtẹ́nà fi di iṣẹ́ ní Rẹ́mọ ju bí ó ti rí ní ìgboro Ìbàdàn tàbí Èkó lọ, nítorí pé ẹni tí ó wà láàárín ni ó ń yan ibi tí yóò kọjú sí.

Ọparun ni wọ́n ń gé ṣe ọ̀pá, nítorí ó gùn, ó fúyẹ́, kò sì náni ní nǹkan ju kí a lọ sétí odò. Wọn a rì í mọ́lẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, wọn a so ó mọ́ igi òrùlé ní ọ̀nà tí yóò fi lè yí, ọmọkùnrin kan a dì í mú níta, bàbá a jókòó síwájú dígí nínú ilé, ọ̀rọ̀ a sì máa lọ, a máa bọ̀ láti ojú fèrèsé: “Bàbá, ṣé ó ti dára?” “Kò ì tíì dára o, yí i sápá ọ̀tún díẹ̀!” “Báyìí ńkọ́?” “Ó ti dé! Dúró síbẹ̀! Má fọwọ́ kàn án mọ́!” Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹni tí ó di ọ̀pá mú kò rí àwòrán, ẹni tí ó ń wo àwòrán kò sì sí nídìí ọ̀pá. Nígbà mìíràn, bí ọmọ náà bá ti jọ̀wọ́ ọ̀pá ni àwòrán a tún bàjẹ́, nítorí pé ara ènìyàn pàápàá a máa yí ọ̀nà ìgbì padà. Níbi tí iná mànàmáná kò dé, bátìrì ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun ṣiṣẹ́. Bí òjò bá sì ṣú, tí àrá bẹ̀rẹ̀ sí í kù, ọlọ́gbọ́n a yára yọ wáyà àńtẹ́nà kúrò lára ẹ̀rọ, nítorí ọ̀pá tí ó ga ju òrùlé lọ ń pe àrá wálé.

Ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe wàhálà yìí tó bẹ́ẹ̀. Olúṣẹ́gun Olúṣọlá, ọmọ Ìpẹru, wà lára àwọn olùdarí eré àkọ́kọ́ ní WNTV. Òun ni ó darí eré Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà, tí a pè ní My Father's Burden, ní 1960, òun náà ni ó sì dá The Village Headmaster sílẹ̀, èyí tí tẹlifíṣọ̀n Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní 1968. Láti Ìbàdàn ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Láti Èkó ni eré ọmọ Ìpẹru ti ń wá. Ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ bá kọjú sí Ìbàdàn kò lè rí àwọn méjèèjì láì yí i láti àríwá sí gúúsù. Èrò a sì pé lójú fèrèsé ẹni tí tirẹ̀ bá mọ́lẹ̀ ládùúgbò, ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti kú, olúkúlùkù a gba ilé rẹ̀ lọ: ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan.

Ọdún 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ sì gba àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ àkóso kan, èyí tí ó di NTA. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1979, tí àwọn ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tiwọn, ọ̀pọ̀ wọn bọ́ sórí ìgbì kúkúrú tí à ń pè ní UHF, nítorí NTA ti jókòó sórí VHF, tí ìgbì rẹ̀ gùn jù ú lọ. OGTV, tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1981, wà lórí Ṣánẹ́ẹ̀lì 25. Níhìn-ín ni igbó Rẹ́mọ ti fi agbára rẹ̀ hàn jù. Ìgbì VHF gùn ju mítà kan lọ, òmíràn tó mítà márùn-ún, ó sì lè tẹ̀ kọjá etí òkè, kí ó sì gba àárín igi. Ìgbì Ṣánẹ́ẹ̀lì 25 kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ewé obì sì ń tètè dá a dúró. Bí ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tiwọn ṣe di èyí tí ó le jù láti gbà nínú àfonífojì nìyẹn, tí ọ̀pá kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ru àńtẹ́nà méjì, ọ̀kan gígùn, ọ̀kan kúkúrú, tí ó sì ní ọ̀nà kẹta láti kọjú sí. Àwọn ènìyàn ra búsítà, ẹ̀rọ tí ń fi kún agbára ìgbì. Ṣùgbọ́n ariwo àti àwòrán ni búsítà jọ ń sọ di ńlá, àyàfi bí a bá so ó mọ́ orí ọ̀pá, lẹ́bàá àńtẹ́nà, kí ìgbì tó rẹ̀ sínú wáyà.

Kì í ṣe Rẹ́mọ nìkan ni òkè ti dà láàmú. Ní Amẹ́ríkà, ní òpin àwọn ọdún 1940, àwọn ará àfonífojì Pennsylvania gbé àńtẹ́nà kan ṣoṣo lọ sórí òkè, wọ́n sì fa wáyà láti ibẹ̀ wá sílé gbogbo ènìyàn. Òun ni ó bí tẹlifíṣọ̀n orí wáyà tí ayé mọ̀ lónìí. Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kò gbilẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí ó dé ní àwọn ọdún 1990 ni díìṣì sátẹ́láìtì, tí ó ń wo ojú ọ̀run gangan, tí òkè kò sì rí nǹkan ṣe sí. Ẹni tí ó bá lè san owó oṣooṣù ni ó wà fún. Ẹni tí kò bá lè san án ṣì wà nídìí ọparun rẹ̀.

Ní 2006, àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan ní Geneva pé kí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ bọ́ sórí dígítà, wọ́n sì fi ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, 2015 ṣe gbèdéke. Nàìjíríà kò bá gbèdéke náà. Jos ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ó dé Òṣogbo ní 2018, ó sì dé Èkó ní 2021. Ó yẹ kí ará ilẹ̀ olókè mọ ohun tí ìyípadà yìí jẹ́. A kì í sunkún ká má ríran. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń wo àwòrán àtijọ́ lè máa rí Bàbá Sàlá láàárín èéhó. Dígítà kò mọ èyí: bí ìgbì bá tó, àwòrán á mọ́ gaara, bí ó bá dín díẹ̀, ojú dígí á ṣókùnkùn biribiri. Ṣùgbọ́n ó mú oògùn ara rẹ̀ dání, nítorí pé ọ̀pọ̀ òpó kéékèèké lè lo ìgbì kan náà lábẹ́ ètò tuntun yìí láì dí ara wọn lọ́wọ́, ohun tí kò ṣeé ṣe láyé àtijọ́.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì ni ó kù. Kí onílé tí ó wà ní àfonífojì fi owó búsítà ra gíga fún ọ̀pá rẹ̀ ná, kí ó sì gé ẹ̀ka igi tí ó bá dí ọ̀nà. Kí àwọn tí ètò dígítà wà lọ́wọ́ wọn má ṣe rò pé òpó Èkó àti òpó Abẹ́òkúta tó fún ilẹ̀ Rẹ́mọ: ẹ gbé òpó kéékèèké sórí òkè Òde Rẹ́mọ àti Ìsarà, nítorí ìlú tí ó bí Awólọ́wọ̀ àti ìlú tí ó bí Olúṣọlá kò yẹ kí wọ́n jẹ́ èyí tí yóò gbẹ̀yìn rí àwòrán ọ̀fẹ́.