Ìbejì Inú Àwòrán

Bí ọdún bá ti parí, àwa ayàwòrán a máa ṣe bí àgbẹ̀ tí ń ṣa irúgbìn sọ́tọ̀: a ó tú gbogbo àwòrán tí a yà sílẹ̀, a ó sì mú ìwọ̀nba èyí tí ó wù wá jù. Nínú ti èṣí, méjì péré ni mo mú. Èkíní ni ẹ̀yìn orí ìyàwó kan tí a di irun rẹ̀ ní ṣùkú. Kò sí ojú nínú rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere yóò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti kọ́ irú ìyàwòrán bẹ́ẹ̀, nítorí láti 1968 ni ó ti ń ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, àwòrán irun tí ó sì fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní 2014 súnmọ́ 1,000.

Èkejì gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni mo ti yà á. Ìyá kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Taíwò ni orúkọ rẹ̀, di fọ́tò àtijọ́ kan mú láyà. Nínú fọ́tò náà, ọmọ méjì jókòó lórí ẹní, ọ̀kan wọ gáùn, ọ̀kan wọ ṣòkòtò ó sì dé fìlà. Mo bi ìyá pé àwọn wo nìyí. Ó ní, "Èmi àti Kẹ́hìndé ni, ọmọ mi." Mo tún wò ó dáadáa. Ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Àpá kan náà ni ó wà níwájú orí wọn. Kẹ́hìndé ti kú kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀. Taíwò nìkan ni ó jókòó níwájú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ ọkùnrin.

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni ó mọ ọgbọ́n yìí nígbà náà. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Bí ìbejì bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, nẹ́gátíìfù kan ni wọn yóò tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, ó di nẹ́gátíìfù méjì. Nínú yàrá òkùnkùn, a ó bo ìdajì bébà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìdajì kejì. Bí ìbòrí bá yẹ̀ díẹ̀, ìlà dúdú tàbí funfun yóò là wọ́n láàrin. Mo wá ìlà yẹn nínú fọ́tò ìyá títí, n kò rí i.

Ṣáájú fọ́tò, agbẹ́gilére ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí àwọn dókítà ka ìbímọ ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà láàrin 1960 sí 1969, ìbejì lé ní 40 nínú 1,000. Ṣùgbọ́n ikú a máa mú wọn púpọ̀. Bí ọ̀kan bá lọ, a ó gbẹ́ ère rẹ̀; ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á, ohun tí ó bá sì fún èyí tí ó wà láàyè, ère náà yóò gba tirẹ̀. Ẹ wo ère ìbejì dáadáa: ó lọ́mú, ó kọlà, ó dirun. Kò jọ ọmọ ọwọ́ rárá. Àgbà tí ọmọ náà ìbá dà ni agbẹ́gilére gbẹ́. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé di Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, fọ́tò gba ipò ère nínú ilé àwọn mìíràn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni ayàwòrán yẹn pa. N kò gbà. Ta ni ó tàn jẹ? Ìyá tí ó bí wọn ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ ṣòkòtò yẹn fún ọmọ rẹ̀.

Ilé fọ́tò náà ti wó, wọ́n sì ti da àwọn nẹ́gátíìfù rẹ̀ nù. Bébà kan ṣoṣo yìí ni ó kù. Nígbà tí mo ṣe tán, ìyá ní kí n tẹ àwòrán tuntun náà ní méjì, nítorí ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n òun.